Ìkòkò tó ń jò: ìtàn bí ọgbà ṣe ń bomi rin ara rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ata ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Oṣù Kejìlá èṣí, mo lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí n tó lọ, mo ní ata rodo méjìlá lẹ́yìn ilé mi ní Adó, inú àpò ìrẹsì ni mo gbìn wọ́n sí. Wọ́n ti ń so. Mo bẹ ọmọ aládùúgbò mi kan pé kó máa bá mi bomi rin wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Ó ṣe é lọ́jọ́ méjì, ẹ̀kọ́ parí, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí abúlé fún Kérésì. N kò bínú sí i, èmi náà ti jẹ́ ọmọ rí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé. Nígbà tí mo fi máa padà, mọ́kànlá ti gbẹ pátápátá, ewé wọn ń dún bí bébà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láàyè, èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ omi tí kò tíì pa dáadáa, tó ń kán tó, tó, tó sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan yẹn sọ́kàn. A máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo gba orí YouTube lọ. Gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pọ́ǹpù, sẹ́ńsọ̀, Wi-Fi, app. Ẹni tó ń ṣàlàyé á ní kí o lọ ra eléyìí, kí o lọ ra tọ̀hún, lórí ìkànnì tí kì í kó ọjà wá sí Òkè-Ìlá. Mo wá bi ara mi pé: kí ni àwọn èèyàn ń ṣe kí Wi-Fi tó dé? Ìbéèrè yẹn ló bí ètò tòní. Ó gbé mi dé Ṣáínà, dé Baghdad, dé Senegal, ó sì dá mi padà sí Ìṣàn-Èkìtì, tí kò jìnnà sí ilé mi rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ṣáínà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kẹ́yìn kí wọ́n tó bí Jésù, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Fan Shengzhi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni lábẹ́ àwọn ọba Han, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí oko. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti sọnù, àmọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ sínú ìwé tiwọn, ibẹ̀ la ti rí i. Ohun tó ní kí àgbẹ̀ ṣe kò le. Wa ihò, da ìlẹ̀dú sí i, ri ìkòkò amọ̀ mọ́ ilẹ̀ títí dé ọrùn kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Pọn omi kún un, fi nǹkan dé e. Gbin èso bàrà mẹ́rin yí i ká. Bí omi bá lọ sílẹ̀, bù sí i. Ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé ìyá àgbà á ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn, bóyá ẹ kò kàn so ó pọ̀ ni. Ẹ rántí amù. Kí fíríìjì tó kún ilé, amù ni omi tútù ń gbé, ní igun yàrá tàbí lábẹ́ òdòdó ilé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó máa ń tutù, ó máa ń rin. A máa ń sọ pé amù ń làágùn. Òótọ́ ni, ó ń làágùn, nítorí amọ̀ tí wọ́n fi iná igi àti koríko sun ní gbangba kì í di mọ́ra tán. Àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí wà nínú rẹ̀. Omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, òtútù sì ń kù sínú. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, lo ọgbọ́n kan náà nígbà tó gbé ìkòkò sínú ìkòkò, tó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, kí tòmátì àti ẹ̀fọ́ má bàa tètè jẹrà. Ọdún 2000 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí ẹ̀.

Ẹ wá ri amù yẹn mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ló kù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó máa fa omi láti ara ìkòkò, bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bí ilẹ̀ bá ti rin tó, fífà yẹn á dẹwọ́, omi á dúró sínú ìkòkò. Gbòǹgbò ata á mu omi inú ilẹ̀, ilẹ̀ á tún gbẹ, á tún fà. Bí òjò bá rọ̀, ìkòkò á sinmi. Kò sẹ́ni tó tan nǹkan kan, kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan. Ata fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ẹ̀rọ, òun náà ló ń tì í. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ orí YouTube yẹn ń fi bátìrì wá kiri gan-an nìyẹn, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, David Bainbridge, ka ọ̀rọ̀ Fan Shengzhi ní àwọn ọdún 1980, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbin igi ní aṣálẹ̀ California. Lónìí, ẹ lè ra ìkòkò bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olla ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì fún un. Ilé-iṣẹ́ kan tún wà ní Austria tó ń ta Blumat: kóònù amọ̀ kékeré kan ni, a máa kì í bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, á sì máa fa omi láti inú ike. Amọ̀ ni o. Amọ̀ tí wọ́n sun, tó ń làágùn.

Mo bá lọ ra ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Èkìtì mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìkòkò, Ìṣàn la ń sọ. Káyọ̀dé Fáyẹmí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi mọ ìlú yẹn báyìí, nítorí ibẹ̀ ni gómìnà àná náà ti wá, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di gómìnà ni àwọn obìnrin Ìṣàn ti ń mọ ìkòkò: ìkòkò ọbẹ̀, amù, agbada, orù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ tirẹ̀. Ike àti páànù aluminíọ̀mù ti wá gba ọjà lọ́wọ́ wọn, bí ẹ bá sì wo ọwọ́ tó ń mọ amọ̀ lónìí, ọwọ́ àgbà ni púpọ̀ nínú wọn.

Ìyá kan tó ń ta ìkòkò ni mo bá pàdé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń làágùn dáadáa ni mo fẹ́, kódà bó bá ń jò díẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, èyí tó ń jò? Èyí tí àwọn èèyàn ń dá padà fún mi nìwọ wá rà?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá sọ nǹkan kan tí n kò bá má mọ̀: pé kí n má ra ìkòkò ọbẹ̀ o, èyí tí iná àti epo ti dí ojú rẹ̀, pé tuntun ni kí n mú, kí n sì fi omi sínú rẹ̀ di òwúrọ̀ kí n tó rì í. Bí ara rẹ̀ bá rin yíká, ó dára. Bó bá rin ní ojú kan ṣoṣo, ó ti là. Ìdánwò nìyẹn, kò gbà ju agbè omi kan lọ. Mo rántí pé ní Dada, ní Ìlọrin, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò ti pọ̀, wọ́n máa ń da omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè sí ara ìkòkò nígbà tó bá gbóná jáde nínú iná, kí ó lè dí, kí ó sì dán. Ìyẹn dára fún ọbẹ̀. Fún ọgbà, èyí tí wọn kò kùn ní nǹkan kan ni kí ẹ bèèrè.

Ẹnì kan á ní, ṣé àwọn baba wa ní Èkìtì ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àkùrọ̀ ni wọ́n ní. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Kọkànlá, tí kò sì ní padà dáadáa títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, àgbẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó dúdú, tó ṣì ń rin lábẹ́. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, àgbàdo tútù tí ẹ ń jẹ nígbà tí àgbàdo kò yẹ kó tíì wà, àkùrọ̀ ló ti ń wá. Odò ló ń bomi rin ín láti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò Fan Shengzhi. Èmi gbà pé àkùrọ̀ ni ẹ̀rọ abomirin àkọ́kọ́ tí Èkìtì ní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí Adó sì di olú-ìlú, ilé ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ odò Ùrèjè tàbí Àjìlòsùn kọjá, ẹ wo ohun tó wà níbi tí ẹ̀fọ́ yẹ kó wà. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan ní Adó lónìí kò ní àkùrọ̀. Àpò ìrẹsì ló ní.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ata tó yè, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán.

Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ ẹ̀rọ omi kan wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Israel lónìí, Simcha Blass ni orúkọ rẹ̀, Poland ni wọ́n ti bí i. Ẹnì kan fi igi kan hàn án tó ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Blass gbẹ́ ilẹ̀ wò. Páìpù kan ló rí, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ń jò, ó ń kán sí ẹsẹ̀ igi náà díẹ̀díẹ̀. Lókè, ojú ibi tó rin kò tóbi rárá, àmọ́ nísàlẹ̀ omi náà ti tàn dé gbòǹgbò. Èmi náà rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi, ohun tí mo sì ṣe ni pé mo pe púlọ́mbà. Ìyàtọ̀ èmi àti Blass nìyẹn.

Kò lè ṣe nǹkan kan sí i nígbà yẹn, nítorí páìpù irin ló wà, irin sì wọ́n. Ó dúró di ìgbà tí páìpù rọ́bà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìṣòro tó kù ni èyí tí gbogbo ẹni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ lu ìgò rágólísì rí ti mọ̀: bí ihò bá tóbi, omi á tán kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ó bá kéré, ìdọ̀tí á dí i ní ọjọ́ kẹta. Ohun tí Blass àti ọmọ rẹ̀ Yeshayahu ṣe ni pé wọn kò sọ ihò di kékeré, wọ́n sọ ọ̀nà di gígùn. Wọ́n mú kí omi rìn yíká-yíká nínú ọ̀nà tóóró kan kó tó jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ẹnu. Ihò náà wá tóbi tó kí ìdọ̀tí gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1965, wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ Kibbutz Hatzerim ní aṣálẹ̀ Negev ṣe àdéhùn, ilé-iṣẹ́ Netafim sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Ní àkókò yẹn gan-an, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti Israel ń bá ara wọn ṣe. Nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, Akin Dẹ́kọ̀, mínísítà ètò ọ̀gbìn, wo abúlé àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní moshav, èyí sì wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n dá farm settlement sílẹ̀ káàkiri láti nǹkan bí ọdún 1960. Orin-Èkìtì ní tirẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ìwé síbẹ̀, wọ́n fún wọn nílẹ̀. Ilé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kòkó àti ọ̀pẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ètò abúlé ló dé ọ̀dọ̀ wa. Páìpù tó ń kán kò bá a dé, nítorí Netafim kò tíì sí nígbà náà. Ọdún márùn-ún péré ni. Mo máa ń ro ó lọ́kàn pé ká ní ọ̀gbẹ́ni Blass ti yára díẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó gbé páìpù tó ń kán wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa fún tálákà ni Richard Chapin, ará Amẹ́ríkà, láti ìpínlẹ̀ New York. Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ Catholic Relief Services ní kó wá sí Senegal, níbi tí ọ̀dá ti mú. Àwọn ẹ̀rọ tó wà nígbà náà, olówó ni wọ́n wà fún: wọ́n fẹ́ pọ́ǹpù tó lágbára. Ìgbà tó yá, Chapin bá wọn ṣe èyí tí kò nílò pọ́ǹpù: bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ gbé e sórí igi ní ìwọ̀n mítà kan, ẹ so rọ́bà tó ti ní ihò mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè. Omi fúnra rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ pọn omi kún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ń bẹ lẹ́yìn ilé yín yẹn, ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Ẹ kàn fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ omi.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè Kalalé lókè lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ SELF gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007: sólà ló ń fa omi lọ sínú táǹkì gíga, táǹkì ń dà á sínú páìpù tó ń kán, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ló ni ọgbà. Àwọn tó lọ ṣèwádìí níbẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010: ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ilé ń jẹ lékún, owó sì wọlé. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Bí oòrùn bá mú, tí ilẹ̀ ń gbẹ, ni pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ jù.

Ohun kan kù tí àpótí yín nílò, ìyẹn ohun tó máa dá omi dúró nígbà tó bá kún. Ẹ ti ní in nílé. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ṣáláńgá olómi yín, ẹ ó rí bọ́ọ̀lù tó léfòó, tó ń ti omi pa. Àwọn arákùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Banū Mūsā ti ya irú nǹkan báyìí sínú ìwé wọn ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 850. Èmi tu ọ̀kan láti inú ṣáláńgá tó ti bàjẹ́, mo fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo so ó mọ́ táǹkì ilé. Owó tí mo ná lé e lórí kò tó ti súyà.

Kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ẹ̀rọ má bàa ní mo kórìíra wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Arduino náà. Ọdún 2005 ni Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ìlú Ivrea ní Ítálì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè rí pátákó olówó pọ́ọ́kú lò. Orúkọ ilé ọtí tí wọ́n ń jókòó sí ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ ọba àtijọ́ kan ni ilé ọtí náà ń jẹ́. Ó dà bíi kí ẹnì kan ṣe kọ̀ǹpútà ní Adó kó sọ ọ́ ní orúkọ ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Mo ra sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀ aláwẹ́ méjì, mo so ó mọ́ pátákó náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń rán iná díẹ̀ láti awẹ́ kan sí ìkejì. Bí ilẹ̀ bá rin, iná á kọjá, bó bá gbẹ, kò ní kọjá dáadáa. Ṣùgbọ́n iná nínú omi ń jẹ irin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awẹ́ kan ti dípẹtà, sẹ́ńsọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́: ilẹ̀ rin ṣìnkìn, ó ń ní ó gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe é, ẹ má jẹ́ kí iná wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ẹ tàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á nìkan, tàbí kí ẹ ra irú tí a fi ike bo irin rẹ̀.

Mo ti tún ata gbìn, méjìlá. Mẹ́rin yí ìkòkò kan ká, mẹ́rin wà lórí rọ́bà bọ́kẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin wà lọ́wọ́ Arduino. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ọjọ́ mẹ́jọ ni n kò sí nílé. Ìjì fa wáyà kan já lórí òpó ní ìta wa, iná lọ ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kò sí ẹni tó lè gbé bátìrì wọlé. Mẹ́rin ti Arduino wó lulẹ̀, mo fi omi bù wọ́n, méjì jí. Ti bọ́kẹ́ẹ̀tì dára, àyàfi ti ìdí rọ́bà tí kòkòrò ti jẹ. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ìkòkò, omi ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, aláǹgbá kan jáde sáré lọ, ata mẹ́rin náà dúró gbọn-in.

Mo ti tún bẹ ìyá oníkòkò yẹn ní márùn-ún sí i. Ó ní kí n bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bí wọ́n á rà, nítorí kò ní dá iná fún márùn-ún péré. Ẹni tó bá fẹ́, kó fi nọ́ńbà ìkòkò tó fẹ́ ránṣẹ́ sí wa kí oṣù tó parí.